Òórùn Ọ̀pẹ̀yìnbó

Mi ò fẹ́ràn ohun dídùn. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí wọ́n bá ń pín bisikíìtì fún àwọn ọmọdé, ẹni tó ní ẹ̀pà lọ́wọ́ ni èmi máa ń tẹ̀ lé. Mo fi ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú nítorí pé ó tó ọdún méjì tí mo fi ń sọ ọ́ fún àwọn èèyàn tí wọn ò gbà mí gbọ́, inú sì tún ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Kéèkì ni mò ń yan. A kó kúrò ní Èkó wá sí Mowe lásìkò tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ sọ́wọ́ mẹ̀kúnnù, èmi, ọkọ mi àti ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo. Ilé tiwa ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò tíì rẹ́ ẹ, páálí la sì fi dí fèrèsé yàrá kan. Ọkọ mi a jí lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́, èmi a lọ dáná sí ààrò onírin tó wà lẹ́yìn ilé. Kéèkì ọjọ́ ìbí ni o, kéèkì ìgbéyàwó ni o, wọ́n ń wá láti Ibafo, wọ́n ń wá láti àwọn ilé tuntun tó ń yọ lẹ́bàá títì márosẹ̀. Ìyá kéèkì ni gbogbo àdúgbò ń pè mí.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í jẹ́ kí ọmọṣẹ́ tọ́ ohunkóhun wò. Ó ní ẹnu tó bá ti ń lá ṣúgà látàárọ̀ kò lè mọ èyí tó pọ̀ jù mọ́. Ojú àti imú ló fi kọ́ wa. Bí kéèkì bá jinná nínú ààrò, imú mi ló ń sọ fún mi. Ẹ̀kọ́ yìí bá mi lára mu gan-an, torí pé mi ò fẹ́ tọ́ ọ wò tẹ́lẹ̀.

Àìsàn náà ò fi ìkánjú wá rárá. Òǹgbẹ ló kọ́kọ́ ń gbẹ mí, mo ní iná ààrò ni. Lẹ́yìn náà ni ìtọ̀, tí mi ò lè jókòó gbọ́ odindi ìwàásù láìjáde. Lẹ́yìn èyí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Búláòsì tó há mọ́ mi lára lọ́dún Kérésì di ohun tí mò ń fi pín-ìn-nì so mọ́ra. Gbogbo èyí gba oṣù púpọ̀. Nígbà yẹn, bí obìnrin bá rù ní àdúgbò, àìsàn kan ṣoṣo ló máa ń wá sí ọkàn aráyé, wọn ò ní dárúkọ ẹ̀, wọ́n á kàn ní “èyí tó wà níta yìí.” Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ ọ́ lẹ́yìn mi. Mo dìde fúnra mi, mo lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀, wọn ò bá a lára mi. Ṣúgà ni wọ́n bá.

Dókítà kan ló wà ní kílíníìkì kékeré kan ní Ibafo, ọkùnrin tí kò lè jù mí lọ púpọ̀. Ó wo èsì àyẹ̀wò náà, ó mi orí.

“Ìtọ̀ ṣúgà ni, mádàámù. Irú ti àgbàlagbà.”

“Dókítà, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí. Mi ò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Mi ò sì sanra rí láyé mi.”

“Irú ẹ̀ ni mò ń sọ. Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?”

“Kéèkì ni mò ń yan.”

Ó gbé bírò sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. “Ẹn-ẹ́n! Ó ti yé mi. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ, nídìí pẹpẹ náà ni yóò ti jẹun.”

“Èmi kì í jẹ nídìí pẹpẹ tèmi, sà.”

Ó tún gbé bírò. Oògùn oníhóró ló ń kọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pe ẹjọ́ mi, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti dá a.

Mi ò ní purọ́ mọ́ oògùn náà, ó ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́ fún oṣù bíi mélòó kan, òǹgbẹ dínkù, mo sùn dáadáa. Mo jẹ ohun tí wọ́n ní kí n máa jẹ: àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀fọ́, ẹ̀wà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ṣúgà tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Dókítà fi oògùn kún oògùn. Ó tún gòkè. Gbogbo ìgbà tí mo bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, kì í tún bi mí pé báwo ni ara. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu ẹ̀: “Kí lẹ jẹ?”

Èyí tó wá bà á jẹ́ pátápátá ni ààwẹ̀. Oṣù àkọ́kọ́ ọdún dé, ìjọ wa wọ ààwẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, èmi náà bá wọn gbà á. Nígbà tí mo lọ sí kílíníìkì láàárín ààwẹ̀, ṣúgà ti wálẹ̀. Dókítà pàtẹ́wọ́. “Ẹ wò ó! Ẹ pa ẹnu dé, ṣúgà wálẹ̀. Ṣé ẹ ti wá rí i pé ẹnu yín ni?” A tú ààwẹ̀, mo padà sí ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ mi, ṣúgà tún gòkè. Ìyẹn di ẹ̀rí tí wọ́n ń gbé dìde sí mi níbi gbogbo. Kò sẹ́ni tó bi ara ẹ̀ pé bí èèyàn ò bá jẹ ohunkóhun rárá, kí ló dé tí ṣúgà ò ní wálẹ̀? Ẹ̀wà gan-an, mi ò jẹ ẹ́ lásìkò yẹn. Ṣé ẹ̀wà náà ni wọ́n fẹ́ kí n jẹ́wọ́?

Ìyàwó pásítọ̀ wa gbọ́. Ó wá bá mi nídìí ààrò, ó dì mọ́ mi, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní ẹ̀mí ọ̀kánjúwà lè wọ ara èèyàn láìmọ̀. Ó ní bóyá kí n fi iṣẹ́ kéèkì sílẹ̀, kí n wá nǹkan míì tà, bí aṣọ òkìrìkà, kí ìdánwò lè jìnnà sí mi.

“Mọ́mì, ẹ ṣeun,” ni mo wí. “Àmọ́ iná ààrò yìí ò ní kú. Mi ò jẹ ohunkóhun níbẹ̀.”

Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tí apá òbí ò ká mọ́, ó gbàdúrà fún mi, ó lọ. Mo gba àdúrà náà. Mi ò gba ìyókù.

Ọkọ mi kò bá mi jà, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ká ní ó pariwo ni, èmi náà ì bá pariwo padà. Ó kàn ń rọra bi mí ni, pẹ̀lú ojú tó ti rẹ̀ láti Èkó: “Ṣé kò lè jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ló ń bọ́ sí ẹ lẹ́nu, tí o ò mọ̀?” Mo ní ẹnu mi kì í ṣe ẹnu ọmọ ọwọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ifọ̀, ó lọ mú ìyá ẹ̀ wá.

Ìyá ọkọ mi, gàrí ló ń ṣe ní Ifọ̀ láti ìgbà ọmọge. Imú ló fi ń mọ ẹ̀gẹ́ tó ti kan tó, kò nílò kí ó fọwọ́ kàn án. Mùsùlùmí òdodo ni, kì í fi ìrun jáfara, kì í sì í yí ọ̀rọ̀ sọ. Mo kúnlẹ̀ kí i lẹ́nu ọ̀nà.

“Màmá, ẹ káàbọ̀ o. Ẹ kú ìrìn.”

“O kú ilé, ìyàwó mi. Dìde. Ọkọ ẹ ní kí n wá ṣọ́ ẹ, mo sì wá ṣọ́ ẹ.”

Ó kó ẹrù ẹ̀ wọlé, ó bèèrè ibi tí ṣúgà wà. Mo fi àpò náà hàn án. Ó fi okùn di ẹnu ẹ̀, ó ta kókó kan tí mi ò rí irú ẹ̀ rí, irú èyí tí wọ́n fi ń di àpò ẹ̀gẹ́ lábẹ́ ìtẹ̀ gàrí. Bí mo bá fẹ́ pò kéèkì, màá pè é. Òun ni yóò tú u, yóò dúró tì mí títí màá fi wọn èyí tí mo fẹ́, yóò sì tún kókó ẹ̀ ta. Láràárọ̀, lẹ́yìn tó bá kírun tán, á wá bá mi lórí àga. “Lanu.” Màá la ẹnu. Á gbọ́ òórùn ẹ̀.

Èmi, ìyá ọmọ, oníṣẹ́ ọwọ́, onílé! Ojú tì mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ débi pé omi bọ́ lójú mi. Lọ́jọ́ kejì, ojú ò tì mí mọ́. Inú ló ń bí mi, mo sì la ẹnu náà gbàgàdà. Mo ní kí wọ́n máa gbọ́ ọ lọ. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ títí, tí wọn ò bá rí nǹkan kan, ta ni yóò tún kù tí wọn yóò bi?

Èyí wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Mò ń rù sí i. Ìyá ọkọ mi ti ń wò mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ó gbọ́ ẹnu mi, tó fà sẹ́yìn.

“Ìyàwó. O jẹ ọ̀pẹ̀yìnbó.”

“Màmá, mi ò jẹ ọ̀pẹ̀yìnbó.”

“Èyí tó ti pọ́n kọjá, tó ti ń di ọtí. Imú mi kì í purọ́ fún mi.”

“Ẹnu mi náà ò purọ́ fún yín, mà.”

Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó tú ilé ìdáná, ó fi igi tú orí ààtàn, ó yẹ àpò ìwé ọmọ mi wò. Kò rí èèpo kan. Ó wé gèlè ẹ̀, ó rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń to ọ̀pẹ̀yìnbó fún àwọn onímọ́tò, ó bi gbogbo wọn bóyá wọ́n mọ Ìyá kéèkì. Wọ́n ní àwọn mọ̀ mí, àmọ́ mi ò ra nǹkan kan lọ́wọ́ àwọn rí. Ó padà wálé, ó jókòó.

“Màmá,” ni mo wí, “ẹ má lọ síbì kankan mọ́. Ẹ jókòó tì mí. Bí mo bá lọ tọ̀, ẹ tẹ̀ lé mi. Nírọ̀lẹ́, ẹ tún gbọ́ ẹnu mi.”

Ó jókòó tì mí lóòótọ́. Inú yàrá tí mo wà ló ti kírun. Ohun tó fún mi mu kò ju omi lọ, oúnjẹ kò wọ̀ mí lọ́fun. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, òórùn náà le ju ti àárọ̀ lọ. Mò ń mí gúlegúle bí ẹni tó sáré láti Ibafo dé Mowe. Mo bì, omi lásán ló jáde. Ìyá ọkọ mi bẹ̀rẹ̀, ó wo èébì náà dáadáa, ó wá gbójú sókè.

“Ìyàwó mi,” ó ní, ohùn ẹ̀ ti yí padà, “ọ̀pẹ̀yìnbó wo ló ń rùn nínú ẹ yìí?”

Láti ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni bi mí ní ohun tí kò mọ̀. Gbogbo ìyókù, ohun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń bi mí.

Ọkọ mi ò tíì dé. Ọkọ̀ akérò la wọ̀ lọ sí Ibafo, mo fi orí lé ìyá ọkọ mi léjìká. Dókítà wà níbẹ̀, ó wo ohun tí ẹ̀rọ sọ nípa ṣúgà mi, ó kánjú mú bírò.

“Kí lẹ tún jẹ, mádàámù?”

Ojú mi ń ṣú, síbẹ̀ ìbínú tó gbé mi dúró lọ́jọ́ náà, bóyá òun ni kò jẹ́ kí n kú. Mo fi ọwọ́ lé ìwé tó ń kọ.

“Mi ò gba oògùn oníhóró yín mọ́. Ẹ gbọ́ òórùn ẹnu mi.”

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi kì í gbọ́ òórùn ẹnu.”

“Nígbà náà, a ò ní dìde níbí.”

Ìyá ọkọ mi ti bọ́ síwájú. “Dókítà, ọmọ mi, gbọ́. Èmi ni mò ń ṣọ́ ọ. Ọwọ́ mi ló ń di ṣúgà ilé náà. Mo jókòó tì í lónìí títí di ìrọ̀lẹ́. Mo fi Ọlọ́hun tó dá mi búra, obìnrin yìí ò jẹ nǹkan kan. Ẹnu ẹ̀ ń rùn bí ọ̀pẹ̀yìnbó, kò sì sí ọ̀pẹ̀yìnbó nílé wa. Bí o ò bá mọ ohun tó fà á, sọ pé o ò mọ̀, kí a lọ bá ẹni tó mọ̀.”

Ó wo àwa méjèèjì, ó wo àwọn tó tò sí ẹnu ilẹ̀kùn tí wọ́n ń yọjú. Bóyá kí a sáà lè kúrò níwájú ẹ̀ ni, ó kọ̀wé pé kí a máa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba.

Obìnrin ni dókítà tó wà níbẹ̀. Kò tíì ṣí ìwé náà tó fi tẹ̀ bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì, tó gbọ́ bí mo ṣe ń mí. Ojú ẹ̀ yí padà. Ó ní kí wọ́n sáré yẹ ìtọ̀ mi wò, kí wọ́n fi omi sí mi lára, kí wọ́n gbé insulíìnì wá. Mi ò mọ púpọ̀ nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ohun tí mo rántí ni pé nígbà tí mo lajú, òǹgbẹ ò gbẹ mí.

Nígbà tí ara tù mí díẹ̀, ó fa àga sún mọ́ mi. Àwọn ìbéèrè ẹ̀ yàtọ̀. Ṣé ẹnì kankan nínú ẹbí mi ní ìtọ̀ ṣúgà? Rárá. Ṣé mo ti sanra rí? Láéláé. Oògùn oníhóró náà ńkọ́, ó tó ìgbà wo tó fi ṣíwọ́ iṣẹ́? Mo sọ fún un. Ṣé ẹnì kan nínú ẹbí ní gẹ̀gẹ̀ lọ́rùn? Àǹtí mi kan níhà ìyá mi ní i. Ó mi orí. Kò béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Èmi ni mo sọ ọ́ fúnra mi, mo sì ń wo ẹnu ẹ̀ bóyá yóò rẹ́rìn-ín.

“Kéèkì?” ó ní. “Kéèkì ò bá ọ̀rọ̀ yìí tan rárá.”

Ó wá ṣàlàyé. Ó ní ara kálukú ní ọmọ ogun tó ń bá àìsàn jà. Àwọn tèmi ló ṣì ọ̀tá mọ̀, wọ́n kọjú ìjà sí ibi tí insulíìnì ti ń jáde nínú ara mi, insulíìnì yìí ló sì ń gbé ṣúgà láti inú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara. Irú àṣìṣe yìí náà ló lè fa gẹ̀gẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi bi mí nípa ẹbí. Ó ní ọmọdé ló sábà máa ń ní irú ẹ̀, á sì gbé wọn wálẹ̀ lójijì. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà, ìjà náà máa ń falẹ̀. Díẹ̀ á ṣì kù, oògùn oníhóró á máa fún ìwọ̀nba tó kù yẹn jáde, gbogbo èèyàn á sì rò pé irú ti àwọn tó ti dàgbà ni. Títí tí kò fi ní sí ohun tí oògùn máa fún mọ́. Nígbà náà ni ara á bẹ̀rẹ̀ sí í jó ọ̀rá ara ẹ̀ jẹ, òórùn tó máa ń jáde níbẹ̀ ló dà bí ti èso tó ti pọ́n jù. Ó ní òun á fa ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí Èkó, láti ibẹ̀ lọ sí òkè òkun, láti wá àmì àwọn ọmọ ogun náà nínú ẹ̀. Ó pẹ́ kí èsì tó dé. Ó dé tán, wọ́n bá wọn níbẹ̀ lóòótọ́.

“Kì í ṣe ẹnu yín,” ni dókítà obìnrin náà wí lọ́jọ́ náà.

Mo sunkún. Nígbà tí mo sunkún tán, mo ní, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ nígbà tí ọkọ mi bá dé.” Ó dúró títí ọkọ mi fi dé, ó sì tún un sọ. Ọkọ mi di ọwọ́ mi mú, kò lè wò mí lójú. Mo jẹ́ kó dì í mú. Ìyá ẹ̀ kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó fẹ́ tọrọ àforíjì, mo ní kó dìde kíá, mi ò fẹ́ kí wọ́n tún sọ pé mo jẹ́ kí ìyá ọkọ kúnlẹ̀ fún mi. A rẹ́rìn-ín.

Ó yẹ kó padà sí Ifọ̀, kò lọ. Torí pé NEPA kì í mú iná wá, òun ló ń tọ́jú insulíìnì mi sínú ìkòkò amọ̀ tó gbé lé orí iyanrìn tútù lábẹ́ àtẹ̀gùn, kó lè wà ní tútù. Ó tú kókó ẹnu àpò ṣúgà, ó ju okùn náà sínú iná ààrò níṣojú mi. Àmọ́ láràárọ̀, lẹ́yìn ìrun, ó ṣì ń wá. “Lanu.” Á gbọ́ ọ. “Kò rùn,” á sì máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Mo wá ń retí ẹ̀.

Ara mi ti padà bọ̀ sípò díẹ̀ nígbà tí ìyàwó pásítọ̀ tún dé pẹ̀lú àwọn obìnrin ìjọ mẹ́ta. Kéèkì ìgbéyàwó kan wà níwájú mi, mò ń gé orí ẹ̀ kó lè tẹ́jú. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ẹ̀mí mi, mo ṣe àmín. Ó wá ní kí n múra ẹ̀rí sílẹ̀ fún ọjọ́ Àìkú, bí Ọlúwa ṣe gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀mí ọ̀kánjúwà.

“Mọ́mì, màá jẹ́rìí,” ni mo wí. “Màá dúpẹ́ pé mo wà láàyè. Àmọ́ mi ò ní dúró níwájú ìjọ kí n jẹ́wọ́ ohun tí mi ò jẹ. Mi ò ní ọ̀kánjúwà kankan tí ẹnikẹ́ni gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀.”

“Ọmọ mi, ìrẹ̀lẹ̀...”

“Ìrẹ̀lẹ̀ kọ́ nìyẹn, mà. Irọ́ ni.”

Ìyá ọkọ mi dìde lórí àpótí tó jókòó lé. Ó mú ègé kan nínú orí kéèkì tí mo gé sílẹ̀, ó fi í lé mi lọ́wọ́. Dókítà ti kọ́ mi pé bí mo bá fi abẹ́rẹ́ insulíìnì tó bá a mu ṣáájú, mo lè jẹ díẹ̀. Mo gbé abẹ́rẹ́ mi, mo gbé búláòsì sókè níwájú gbogbo wọn, mo gún ara mi níkùn. Mo wá jẹ kéèkì náà, gbogbo ẹ̀, mi ò gbójú kúrò lára wọn. Ó dùn jù. Mi ò mọ ohun tí àwọn èèyàn ń rí níbẹ̀.

Mo yíjú sí ìyá ọkọ mi, mo la ẹnu.

Ó tẹ̀ bá mi, ó gbọ́ ọ, ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ bíi ti àràárọ̀. Ó wá kọjú sí wọn.

“Kéèkì ni,” ó ní. “Tòní yìí, ó jẹ ẹ́.”